Owó oúnjẹ ọjọ́ méjì ní Disneyland Paris: ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin ará ilé

Ìyá Ìbejì Ouando (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu, Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin wa, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ló gbé mi dé.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lẹ́bàá Pàríìsì ti ń pè wá tipẹ́. Físà ti jáde, a máa lọ nínú oṣù kẹjọ tí iléèwé bá ti gba ìsinmi. Àwa márùn-ún ni: èmi, bàbá àwọn ọmọ, àkọ́bí wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, àti àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 7. Ilé àbúrò mi la máa sùn. A ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ méjì ní ọgbà eré Disneyland Paris, inú tọ́ńtìnì (owó àjọ) ni mo ti yọ ọ́. Owó ọkọ̀ òfuurufú náà ti kúrò nílẹ̀. Oúnjẹ ló kù.

Bàbá àwọn ọmọ ní ká ra oúnjẹ àpapọ̀ tí wọ́n máa ń san owó rẹ̀ tán kí wọ́n tó lọ, kí ọkàn wa balẹ̀. Èmi ní mi ò lè máa fi owó abọ́ àtàsí (ìrẹsì àti ẹ̀wà) mélòó kan ra omi inú ike kan ṣoṣo. Mo ti wo àtẹ oúnjẹ wọn lórí fóònù, mo ń sọ iye ibẹ̀ di sẹ́fà, owó ilẹ̀ wa, orí mi gbóná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti mú ọmọ débẹ̀ rí, èló ni kí n yà sọ́tọ̀? Kí ni mo lè gbé láti ilé? Kí ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi ní pápá ọkọ̀ òfuurufú? Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi dúró síwájú ilé oúnjẹ kí wọ́n máa wo ẹnu ọmọ ẹlòmíì. Mi ò sì fẹ́ kí oúnjẹ ọjọ́ méjì gbé owó iléèwé oṣù kẹsàn-án mì.

Kétu Lẹ́yìn Odi (ọmọ Kétu, ẹ̀bá Pàríìsì)

Ẹ kú ìmúra o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ.

Kí n kọ́kọ́ yanjú àríyànjiyàn ẹ̀yin àti bàbá wọn. Oúnjẹ àpapọ̀ yẹn, àwọn tó gba yàrá ní ọ̀tẹ́ẹ̀lì Disney fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tà á fún. Ẹ̀yin tí ẹ máa sùn nílé àbúrò yín, kò kàn yín rárá. Kí Bàbá Ìbejì fọkàn balẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà.

Ọgbà méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fara kan ara wọn. Ọ̀kan ṣí ní 1992, èkejì ní 2002. Ọkọ̀ ojú irin RER A lẹ máa wọ̀ dé ìparí rẹ̀, Marne-la-Vallée–Chessy, ẹnu ọ̀nà ọgbà gan-an ló ti ń já èèyàn sílẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ̀ ní Val d'Europe, ìdúró kan ṣáájú rẹ̀, torí pé ilé ìtajà ńlá wà níbẹ̀, Auchan tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ sì wà nínú rẹ̀. Ó dára fún ẹni tó gba yàrá ní àdúgbò yẹn. Ní tiyín, ẹ máà ṣe bẹ́ẹ̀: tí ẹ bá ti jáde ní ibùdókọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ máa fi wọlé padà, ẹ̀yin márààrún. Ẹ ra nǹkan yín ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ní ilé ìtajà tó wà nítòsí ilé àbúrò yín. Búrẹ́dì gígùn, ẹja alágolo, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ápù, bisikíìtì, omi.

Wọ́n máa tú àpò yín wò lẹ́nu ọ̀nà, ti ààbò ni. Oúnjẹ tí èèyàn lè fi ọwọ́ mú jẹ, búrẹ́dì, èso, bisikíìtì, kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu lórí ìyẹn. Ìgò onígíláàsì kò wọlé. Ọtí kò wọlé. Kúlà ńlá tí a máa ń gbé lọ sí òde ìgbéyàwó kò wọlé. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ oúnjẹ kalẹ̀ kí ẹ jókòó yí i ká, ibì kan wà fún un lóde, láàárín ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí àti ẹnu ọ̀nà ọgbà. Èèyàn lè jáde lọ jẹun kó tún padà wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kàn sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ń bọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì má sì kúrò lọ́wọ́ yín.

Omi! Ẹ má ra omi níbẹ̀. Ẹ̀rọ omi mímu wà káàkiri inú ọgbà, ọ̀fẹ́ ni. Kí olúkúlùkù ní ike omi tirẹ̀, kí ẹ máa rọ omi kún un bí ẹ ṣe ń kọjá. Oṣù kẹjọ lẹ ń lọ, oòrùn ibẹ̀ lè mú gan-an, àwọn ọmọ á máa sọ pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn láàárọ̀ títí di alẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò lọ́wọ́ àwọn òbí.

Alájì Attakè (Àjàṣẹ́)

Ìyá Ìbejì, mo kí yín, mo kí Bàbá Ìbejì. Ẹ má bínú, ojú tí èmi fi wo ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀. Ọmọ wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Cotonou, ó dé ibi tó ti ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n láti kékeré, kí a wá gbé búrẹ́dì àti ẹja alágolo lé e lọ́wọ́? Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kí ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ, kí wọ́n mu. Ká ní ẹ ò tíì sanwó ni, ǹ bá ní kí ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ kan, kí ọjọ́ kan náà kún dáadáa. Kò yẹ kí bàbá máa ka owó lójú ọmọ níbi ayọ̀.

Ohun kejì, ẹ sì fi ọkàn sí èyí. Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú àwa Yorùbá Àjàṣẹ́. Ẹ má kàn jẹ ẹran tí ẹ bá rí. Ẹ bèèrè kí ẹ tó jókòó. Tí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yan ẹja, tàbí èyí tí kò ní ẹran. Búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ àti ní ilé búrẹ́dì ní Faransé, jáńbọ̀ǹ ló sábà máa ń wà láàárín rẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ sì ni. Ẹ kọ́ àkọ́bí yín kó máa ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kó tó rà á fún àwọn ìbejì.

Kétu Lẹ́yìn Odi

Alájì, bàbá wa, ẹ kú ìtọ́sọ́nà. Ẹ ti sọ ohun tí mo fẹ́ gbàgbé nípa ẹran. Lórí ti ayọ̀ àwọn ọmọ, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tí mo ti fi ojú mi rí bí mo ṣe ń mú àwọn àlejò láti ilé lọ síbẹ̀. Ọmọ kì í rántí gbogbo ohun tó jẹ. Ó máa ń rántí ohun kan: oúnjẹ tó jókòó jẹ níbi tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, àbí áísíkiriìmù tó ní etí eku Mickey. Búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran sí ní aago kan ọ̀sán, tí wọ́n jẹ ní ìdúró torí pé ẹsẹ̀ ń ro gbogbo yín, owó gidi ló ń gbà, inú ẹnikẹ́ni kì í sì í dùn sí i.

Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí: ẹ yan oúnjẹ kan ṣoṣo lójúmọ́ tí ẹ máa rà nínú ọgbà, kí ẹ rà á dáadáa, kí ẹ jókòó jẹ ẹ́. Ìyókù, ẹ gbé e láti ilé. Àárọ̀, ẹ jẹun yó kí ẹ tó jáde. Ọ̀sán, ẹ jẹ èyí tó wà nínú àpò ní aago mọ́kànlá àbọ̀, kí àwọn ará yòókù tó rọ́ lọ sídìí oúnjẹ. Ní àsìkò tí wọ́n wà lórí ìlà oúnjẹ yẹn, ìlà àwọn eré á fúyẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin á sì ti yó. Alẹ́ ni kí ẹ ra tiyín, ní bíi aago márùn-ún àbọ̀, tó ti rẹ àwọn ọmọ, tí wọ́n nílò ibi tí wọ́n á jókòó sí kó tó di pé eré iná alẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé Ṣábẹ

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò sí i, iṣẹ́ mi ni.

Àwa ará Benin ní àǹfààní kan tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà kò ní. Láti ìgbà tí Yúrò ti dé ní 1999 ni wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ ọn, Yúrò 1 sì jẹ́ sẹ́fà 655.957. Kò tíì yí. Owó tí ẹ bá ṣírò lónìí, òun náà ni lóṣù kẹjọ. Ẹ fi 656 sọ́kàn, ó ti tó. Ohun tó lè yí ni owó tí báńkì máa yọ nígbàkígbà tí ẹ bá fi káàdì gba owó tàbí sanwó lọ́hùn-ún. Ẹ bèèrè iye yẹn ní báńkì yín kí ẹ tó lọ. Tó bá pọ̀, ẹ ra Yúrò tí ẹ máa fi jẹun níbí, kí ẹ kó o dání.

Àkọ́bí yín ti pé 12. Ní Disneyland Paris, ọmọdé ni wọ́n ń pe ẹni tó wà láàárín ọdún 3 sí 11, bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ ọmọdé wọn. Nítorí náà, àgbà mẹ́ta àti ọmọdé méjì lẹ jẹ́ nídìí oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oúnjẹ àgbà ní ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbà á lórí káńtà jẹ́ Yúrò 18, ti ọmọdé 11. Ẹ fi iye tí ẹ rí lórí áàpù wọn rọ́pò tèmi. Ìjókòó kan jẹ́ 76. Tí ẹ bá ra ọ̀sán àti alẹ́, ó di 152. Tí olúkúlùkù bá ra ohun mímu méjì sí i ní Yúrò 4, 40 nìyẹn. Áísíkiriìmù tàbí gúgúrú lẹ́ẹ̀kan fún èèyàn márùn-ún ní Yúrò 6, 30. Àpapọ̀ ọjọ́ kan jẹ́ 222, ọjọ́ méjì 444. Ó tó sẹ́fà 291,000.

Bí ẹ bá tẹ̀ lé ọ̀nà Kétu Lẹ́yìn Odi: alẹ́ 76, ìpanu 30, nǹkan tí ẹ rà ní àdúgbò 25. Ọjọ́ kan jẹ́ 131, ọjọ́ méjì 262, bíi sẹ́fà 172,000. Ohun tó kù sí yín lọ́wọ́ lé ní sẹ́fà 119,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba wa fi lélẹ̀ láti 2023 jẹ́ 52,000. Ẹ wá rò ó, Alájì: owó oṣù méjì òṣìṣẹ́ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ohun mímu àti oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ méjì ń gbé lọ, àwọn ọmọ kò sì pàdánù ohunkóhun tí wọ́n máa rántí.

Iye tí wọ́n kọ sára àtẹ oúnjẹ ní Faransé, owó orí àti owó iṣẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá.

Alájì Attakè

119,000 kẹ̀! Akọ̀wé, mo gbọ́. Mo fara mọ́ oúnjẹ kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n jókòó jẹ o.

Alásè Òde Àjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, oúnjẹ ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa dé ibẹ̀ àti ohun tí kò ní dé.

Ẹran kò wọ ilẹ̀ Yúróòpù lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ tó ti ọ̀dọ̀ wa wá, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ dín gbẹ, ì báà jẹ́ kílíṣí. Wàrà náà kò wọlé. Wàgáṣì, wàrà dídì wa tí àbúrò yín á ti máa ṣàfẹ́rí, ẹ má dán an wò, wọ́n á gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Ẹja ni ọ̀nà là fún: òfin wọn gba ẹja tó kílò 20 fún èrò kan. Ẹja yíyan àti ẹja gbígbẹ wa, ẹ dì í dáadáa kí òórùn má tú jáde. Oyin kò gbọdọ̀ ju kílò 2 lọ. Nínú èso, ọ̀pẹ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbọn àti déètì ń wọlé láìsí ìwé. Máńgòrò, ọsàn, ata tútù, ewé tútù, gbogbo wọn ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò kò sí lára wọn. Ẹ bá mi gbé ọ̀pẹ òyìnbó Allada dání fún àbúrò yín, òun gan-an ló máa ń wu àwọn tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún.

Gàrí àti kúlíkúlí Agonlin kò ní wàhálà. Epo pupa, àpótí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kó o sí, torí pé ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í bá èèyàn wọnú ọkọ̀.

Wàyí o, oúnjẹ tí ẹ máa gbé lọ sí ọgbà. Àtàsí, ẹ fi sílẹ̀. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tó wà nínú ike láti àárọ̀ nínú oòrùn oṣù kẹjọ, tó bá fi máa di ọ̀sán ó ti kan. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà, mi ò fọwọ́ sí i. Àkàrà ni mo fọwọ́ sí: ẹ dín in kó gbẹ, kí àlùbọ́sà inú rẹ̀ má pọ̀ torí òun ló ń mú un tètè kan, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e. Ẹ fi sáàárín búrẹ́dì gígùn wọn yẹn, kò sí ọmọ Àjàṣẹ́ tó máa kọ̀ ọ́. Ẹyin sísè, kí ẹ má bó èèpo rẹ̀ títí ẹ ó fi jẹ ẹ́. Dòdò tútù kò dùn, ìpékeré ló yẹ. Ẹ má fi máyọ́néèsì sí búrẹ́dì kankan tó máa pẹ́ nínú àpò.

Ẹ̀wà tí ẹ máa lọ̀, àbúrò yín á ní ẹ̀rọ. Alẹ́ ni kí ẹ lọ̀ ọ́, àfẹ̀mọ́júmọ́ ni kí ẹ dín in.

Kétu Lẹ́yìn Odi

Ẹ ṣeun, Alásè. Kí n fi èyí kún un: ẹ fi ike omi méjì sínú firisà ní alẹ́, kí wọ́n di yìnyín. Àárọ̀, ẹ kì wọ́n sí àárín oúnjẹ nínú àpò. Wọ́n á mú oúnjẹ tutù títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ẹ máa mu wọ́n.

Olùkọ́ Kétu

Mo máa ń kó ọmọ iléèwé rìnrìn àjò lọ sí Ouidah àti Àjàṣẹ́, mo sì mọ bí ìpanu ṣe ń fa ẹkún. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi ni pé kí owó wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní owó ìpanu tirẹ̀ láàárọ̀, bí Yúrò 6 tí Akọ̀wé sọ yẹn, nínú àpò kékeré tí ẹ so mọ́ ọn lára. Ẹ sọ fún wọn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi àtẹ ìpanu hàn wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n yan ohun tí wọ́n fẹ́. Ọmọ tó mọ̀ pé owó òun ni, á rìn kọjá níwájú ilé ìpanu bíi mélòó kan, á máa ro ó. Tó bá ná an ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ó ti ná an nìyẹn. Kí òbí má fi kún un, nítorí tí ó bá fi kún ti ọ̀kan, ìyókù á dúró dè é.

Ti àwọn ìbejì, ẹ̀yin náà mọ̀. Iye kan náà, owó kan náà, kódà tí ọ̀kan bá gba owó irin kí èkejì gba owó irin. Mo ti rí ìbejì tí Táyé ná tirẹ̀ tán, tí Kẹ́hìndé pín áísíkiriìmù rẹ̀ sí méjì láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá Ìbejì Ouando

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ bàbá wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Akọ̀wé ti dá ẹjọ́ fún mi.

Mo ní ìbéèrè kan. Tí a bá wọ ilé oúnjẹ jókòó ní alẹ́, ṣé wọn ò ní fi dandan lé e pé ká ra ohun mímu?

Akọ̀wé Ṣábẹ

Rárá. Òfin Faransé ni pé kí ilé oúnjẹ fún ẹni tó ń jẹun ní omi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbé «carafe d'eau» wá, wọ́n á gbé e wá. Tí ẹ bá kàn ní ẹ fẹ́ omi, wọ́n lè gbé ti inú ìgò wá, ìyẹn sì ní owó.

Àǹtí Ṣábẹ

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ń retí kí ẹnì kan dárúkọ ilé àbúrò. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n.

Ọjọ́ méjì péré ni ti Disneyland. Gbogbo ọjọ́ yòókù, ìkòkò àbúrò yín lẹ máa jẹ. Èèyàn márùn-ún tó dé sínú ilé kékeré ní Pàríìsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ń san owó ilé, ó ń san iná, ó ń san gáàsì, ó sì ti lè gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ nítorí yín. Kò ní béèrè kọ́bọ̀. Bí a ṣe tọ́ ọ ni pé kò gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín ti ní owó ọbẹ̀ nínú ìṣirò, kí ó sì wà lókè, ṣáájú owó ìpanu. Mo ti wà ní ipò olùgbàlejò rí nílùú òkèèrè. Inú mi ń dùn sí àwọn ará ilé tọkàntọkàn, mo sì ń sá pamọ́ sí ilé ìwẹ̀ láti wo iye tó kù ní báńkì.

Ẹ má gbé owó fún un pé gbà, á kọ̀ ọ́, á sì dùn ún. Ní ọjọ́ kejì tí ẹ bá dé, ẹ ní kó mú yín lọ sí Château Rouge. Inú Pàríìsì ló wà, ní àgbègbè 18, métrò 4 (ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀) ló ń dé ibẹ̀. Ọjà àwa aláwọ̀ dúdú ni: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ẹja yíyan, ata, ewé, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ kún àpò ilé rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ máa yọ owó. Ọmọ Ṣábẹ tó mọ iye iṣu ní ọjà wa, ẹnu á yà á tó bá gbọ́ ti ibẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sókè lójú àbúrò yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ ilé ìdáná. Ẹ̀yin àti àkọ́bí yín, kí ẹ máa se alẹ́. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó bá ọbẹ̀ lórí iná tí kò fọwọ́ kàn án, ìyẹn dára ju aṣọ tí ẹ gbé wá fún un lọ.

Nínú 119,000 tí Akọ̀wé ní ó kù yẹn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ìdajì rẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Kétu

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Òótọ́ ni ẹ sọ.

Òkè Ṣábẹ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n bèèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tí ò lágbára tíkẹ́ẹ̀tì Disneyland ńkọ́, tó sì ní ọmọ tó fẹ́ ṣeré ní Pàríìsì?

Kétu Lẹ́yìn Odi

Òkè Ṣábẹ, Jardin d'Acclimatation wà, nínú igbó Boulogne ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ìlú. Láti 1860 ló ti wà. Eré ibẹ̀ kò ga tó ti Disneyland, àwọn ọmọ kéékèèké ni ó bá mu jù. Parc Astérix náà wà ní àríwá Pàríìsì, 1989 ni ó ṣí, àwọn eré tó ń fì èèyàn lókè ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ọmọ tó ti ga díẹ̀ ló bá mu. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò yàtọ̀: ẹ gbé èyí tí ẹ lè gbé, ẹ ra ẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá Ìbejì Ouando

Àǹtí Ṣábẹ, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún yín. Mo ti kọ iye ẹja àti ọ̀pẹ òyìnbó tí mo fẹ́ gbé fún un, ṣùgbọ́n mi ò fi owó ọbẹ̀ sí orí ìwé rárá. Ó ti wọ orí ìwé báyìí, òun ló wà lókè.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Sẹ́fà 172,000 fún ọgbà ọjọ́ méjì, Bàbá Ìbejì ni á mú u lọ́wọ́, àpò kan pàtó ni á wà, kò ní dà pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀. Sẹ́fà 60,000 fún Château Rouge, èmi ni mo mú ìyẹn. Àkọ́bí ni á mú ìwé oúnjẹ, òun ló mọ̀ ọ́n kà jù nínú wa, òun náà ni á máa wo ohun tí ẹran wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ kìíní, a ó jẹ alẹ́ níbi tí àwọn ọmọ bá yàn láti orí áàpù. Ọjọ́ kejì, bàbá wọn ló máa yàn, nítorí òun náà fẹ́ràn ibẹ̀ láti kékeré, kò kàn ń sọ ọ́ ni.

Bí nǹkan kan bá ṣẹ́ kù, ó di ti iléèwé.

Ìyá Àbíkẹ́yìn (Kétu)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi náà ń lọ, oṣù kejìlá ni tiwa. Ọmọ mi kò tíì pé ọdún kan, oúnjẹ rẹ̀ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ṣé mo lè gbé wàrà rẹ̀ dání, nígbà tí Alásè ní wàrà kò wọlé?

Kétu Lẹ́yìn Odi

Ìyá Àbíkẹ́yìn, ti ọmọ ọwọ́ yàtọ̀. Wàrà oníyẹ̀fun ti ọmọ ọwọ́ ń wọlé, kó má ju kílò 2 lọ, kó wà nínú agolo tí a kò tíì ṣí, kó sì jẹ́ irú èyí tí kò nílò firíìjì kí a tó ṣí i. Omi àti oúnjẹ tí ọmọ máa jẹ nínú ọkọ̀, wọn ò fi mílílítà 100 dè é, ẹ kàn yọ ọ́ síta kí wọ́n rí i níbi ìyẹ̀wò. Ọmọ tí kò tíì pé 3 kì í san tíkẹ́ẹ̀tì ní Disneyland. Ibì kan wà nínú ọgbà fún àwọn ìyá ọlọ́mọ, wọ́n á bá yín mú oúnjẹ ọmọ gbóná níbẹ̀, àga ìfọ́mọlọ́mú náà wà. Oṣù kejìlá tutù gan-an, torí náà ẹ gbé fúláàsì omi gbígbóná tiyín dání. Irin ni kó jẹ́, kó má ní gíláàsì nínú.